Ìwé Tí Kò Bá Sọ Ohun Tí Ń Pa Ẹja, Ẹ Má Rà Á

Irú ìwé kan wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa jáwọ́ nínú fífi owó rà. Ẹ ti rí i rí. Wọ́n ń tà á nínú ọkọ̀ èrò, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ, ó sì ti rápálá wọ ilé ìkàwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Kò nípọn ju ìwé àdúrà lọ. Wọ́n ya àwòrán owó náírà sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹni tó bá sin ẹgbẹ̀rún kan ẹja àrọ̀ yóò di olówó kí oṣù mẹ́fà tó pé. Lára ọ̀kan tí mo kà, ẹja pupa kékeré tí àwọn olówó ń fi sínú àpótí onígíláàsì ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀ ni wọ́n yà síwájú ìwé. Irùngbọ̀n àrọ̀ dà? Kò sí. Bí ẹni tó ṣe ìwé yẹn bá pàdé àrọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀, n kò rò pé yóò dá a mọ̀.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ń sọ bí a ṣe ń ta ẹja, wọ́n ń sọ iye tí èrè yóò jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tí ń pa ẹja. Ìwé ọ̀sìn ẹja tí kò bá sì sọ ohun tí ń pa ẹja kì í ṣe ìwé ọ̀sìn ẹja. Ìpolówó ọjà ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn mí dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kún ohun tí à ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ní ọdún 2011, ọ̀sìn ẹja wà lára iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú, èmi náà sì mú un. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa kì í dúró sí kíláàsì. Ìyá tó rà á fún ọmọ rẹ̀ kí ó lè yege ìdánwò yóò kà á fúnra rẹ̀ lálẹ́. Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba yóò yá a fún ọjọ́ méjì. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé, owó àjẹmọ́nú ọdún márùndínlógójì sì ti wọ inú omi. Nítorí ìwé tí a kà á mọ́ ìwé ọmọ iléèwé ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ládùúgbò. Ẹnìkan jí láàárọ̀, ó bá ẹja rẹ̀ tí wọ́n da ikùn dé ojú omi. Wọ́n jẹun lálẹ́ àná. Kò sí egbò lára wọn. Ó ṣí ìwé rẹ̀, kò rí nǹkankan níbẹ̀ àfi èrè. Kí ni kó rò? Yóò rò pé ẹnìkan da májèlé sí i. Yóò rántí ẹni tí wọ́n jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí ààlà ilẹ̀. Yóò rántí ìyàwó àbúrò rẹ̀ tí kò kúnlẹ̀ dáadáa kí i lọ́jọ́ ọdún. Mo mọ agboolé méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní nítorí ẹja tó kú lóru. N kò sọ pé ènìyàn kì í ṣe ìkà o. Àwọn kan wà tí wọ́n lè da nǹkan sómi olómi. Ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ lè pa ẹja láìsí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán yóò rì sísàlẹ̀, yóò jẹrà. Ìgbẹ́ ẹja náà wà níbẹ̀. Ẹja fúnra rẹ̀ tún ń tú ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sómi láti ibi tó fi ń mí. Inú gbogbo èyí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ti ń wá. Kò ní àwọ̀. Omi lè mọ́ gaara kí amóníà kún inú rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, tí pH rẹ̀ sì ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni oró amóníà yẹn ń le sí i. Ẹni tó bá sọ oúnjẹ àṣejù sí ẹja lọ́jọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín, tí kò sì pààrọ̀ omi, kò nílò ọ̀tá.

Ojú-ìwé kan péré ni ọ̀rọ̀ yìí gbà nínú ìwé. Bí ojú-ìwé kan yẹn bá wà nínú ìwé tí wọ́n rà, bóyá agboolé méjì yẹn ì bá ṣì máa jẹun pọ̀.

Ìwé ẹja tó dára jù lọ tí mo rí nínú ilé ìkàwé wa, ẹja tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹ rí ló dá lé. Ó bá àwọn ìwé àlòkù mìíràn wá láti òkè òkun, kò sì sẹ́ni tó ń yá a. Discus ni wọ́n ń pe ẹja náà. Ó rí pẹlẹbẹ, ó rí róbótó bí àwo ìjẹun, odò Amazon àti àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ní Brazil, Peru àti Colombia sì ni ilé rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Austria kan tó ń jẹ́ Johann Jakob Heckel ló kọ́kọ́ fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1840. Lónìí, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Éṣíà, àwọn ènìyàn ń sìn ín nínú àpótí onígíláàsì. Wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Ẹ ó ní kí ni ìyẹn kàn wá. Ẹ wo bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò fi ẹja bẹ̀rẹ̀, kò sì fi owó bẹ̀rẹ̀. Omi ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ irú omi tó wà nínú odò tí ẹja náà ti wá: omi tó gbóná, tó kan díẹ̀, tí èròjà inú òkúta àti ilẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n ìgbóná tó dára fún un jẹ́ 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹja náà bí omi bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló tó sọ ti ọmọ. Ara bàbá àti ìyá ni àwọn ọmọ discus ti ń jẹun ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ayé wọn. Ohun tó ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lára àwọn òbí ni oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá fi ìkánjú yọ ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí lè pa gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí kan tó gùn gan-an lórí àìsàn wá, pẹ̀lú àwòrán: ẹja tí awọ rẹ̀ ṣú, ẹja tí orí rẹ̀ lu ihò, ẹja tí kò jẹun mọ́. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò tijú láti ya àwòrán òkú ẹja.

Èmi bi yín léèrè, ẹ̀yin àgbà: bí ènìyàn bá lè ṣe ìtọ́jú tó báyìí sí ìwé ẹja tí wọ́n fi ń ṣeré, kí ló dé tí ìwé ẹja tí à ń fi owó iléèwé ọmọ sìn fi ń wá ní ojú-ìwé ogójì tó kún fún ìbùkún?

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn yóò ní discus jẹ́ ẹja òyìnbó tó lẹ́gẹ́, wọn yóò ní àrọ̀ le. Òótọ́ ni, àrọ̀ le. Ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí, tó rí bí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i nínú agbada ní ọjà tí omi kò ju ìka méjì lọ, tí ó sì wà láàyè títí tí oníbàárà yóò fi nàka sí i. Ṣùgbọ́n líle yẹn gan-an ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kò tíì ní ẹ̀yà ara yẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó hù lára rẹ̀. Kí àkókò yẹn tó pé, inú omi nìkan ló ti ń rí afẹ́fẹ́ mí, bí discus gan-an. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ fún pé “àrọ̀ kì í kú” yóò tọ́jú ọmọ ọjọ́ márùn-ún bí ẹni ń tọ́jú ẹja tó tó kílò kan. Àgbà náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Amóníà kò béèrè bóyá ẹja lè mí lókè.

Ẹ tún wo ti kòtò onísìmẹ́ńtì. Gbogbo ìwé pẹlẹbẹ wọ̀nyí ló ń júwe bí a ṣe ń mọ ọ́n: iye búlọ́ọ̀kù, ìbú, òró, ibi tí páìpù yóò gbà. Ó dára. Ìgbà tí bíríkìlà bá gba owó rẹ̀ tán, wọ́n á ní kí a pọnmi sí i, kí a kó ẹja sí i. Wọn kò sọ pé sìmẹ́ńtì tuntun ń tú èròjà sínú omi tó ń gbé pH rẹ̀ ga fíofío, pé a ní láti fi omi rẹ ẹ́, kí a dà á nù, kí a tún rẹ ẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ẹja kan tó wọ ibẹ̀. Àwọn àgbà olọ́sìn a máa ju ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ títí tí yóò fi jẹrà. Ẹ ó rí i pé ẹni tí kò ka ìwé kankan, tó kàn bi àgbà olọ́sìn kan léèrè, mọ̀ ju ẹni tó ra ìwé lọ. Ìtìjú gbáà nìyẹn jẹ́ fún ìwé.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo kórìíra èrè. N kò kórìíra rẹ̀. Ìṣirò wọn ni mo kórìíra. Ìwé wọn yóò ní: ọmọ ẹja 1,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tó kílò kan, ó di kílò 1,000, ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kílò kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ owó oúnjẹ kúrò, ẹ kí ara yín kú oríire. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹyọ ẹja kan tó kú nínú ìṣirò yìí! Àwọn ẹja náà kò sì jẹ ara wọn. Bẹ́ẹ̀, àrọ̀ a máa jẹ àrọ̀. Èyí tó bá yára dàgbà ju àwọn yòókù lọ, tí àwọn olọ́sìn ń pè ní ṣúútà, yóò máa gbé àwọn àbúrò rẹ̀ mì títí a ó fi ṣà á kúrò. Ìwé tó bá ń sọ òótọ́ yóò kọ́ wa láti ka òkú mọ́ ọn. Ká ní 200 kú nínú 1,000, ó ku 800. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tó kílò kan, tí ó sì gba kílò oúnjẹ kan àti díẹ̀, ká pè é ní 1.2, kí ẹja tó sanra ní kílò kan, oúnjẹ kílò 960 nìyẹn. Nínú àpò onílò 15, ó jẹ́ àpò 64. Àwọn 200 tó kú náà sì ti jẹ tiwọn kí wọ́n tó kú. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan lónìí, kí ẹ wá fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó lọ sí báńkì.

Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ náírà nínú ìṣirò mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Láti oṣù Òkúdù ọdún 2023 tí ìjọba ti yí ètò pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè padà, gbogbo iye owó tó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ti di ìtàn. Oúnjẹ ẹja tó ń ti òkè òkun wá ti kúrò níbi tí ìwé fi í sí, àgbàdo àti sóyà tí wọ́n fi ń ṣe èyí tí ilé ń ṣe náà kò dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹja ń jẹ kí ó tó sanra ní kílò kan kò tẹ̀lé dọ́là. Ìwé tó fi kílò ṣe ìṣirò ní 1996 ṣì wúlò lónìí. Èyí tó fi náírà ṣe é ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti kú. Bí ẹ bá ṣí ìwé ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ rí náírà ní gbogbo ojú-ìwé tí ẹ kò sì rí kílò, ẹ rọra gbé e padà sórí àtẹ.

Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń fi pamọ́ ni bí ọmọ ẹja ṣe ń wáyé. Mo ti kà á nínú ìwé kan pé kí a kó akọ àti abo pọ̀ sínú kòtò, “wọn yóò sì bí sí i.” Àrọ̀ inú kòtò tí a gbẹ́ kì í sábà yé fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni a ń gún abo, kí a tó fún ẹyin rẹ̀ jáde lẹ́yìn iye wákàtí kan tó dúró lórí bí omi ṣe gbóná tó. Akọ ní tirẹ̀ kò ṣeé fún bí abo. Pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á, tí wọn yóò la inú rẹ̀ láti yọ àtọ̀ tí wọn yóò fi po ẹyin náà. Nínú omi tó gbóná tó 28, ẹyin yóò pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ yóò máa gbé lórí oúnjẹ tó bá a wáyé nínú ikùn rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyẹn bá tán tí kò rí oúnjẹ wẹ́wẹ́ tí ẹnu rẹ̀ gbà, ó parí. Àwọn kan ní kò yẹ kí ọmọdé ka bí wọ́n ṣe ń la inú akọ ẹja. Ṣé àwa tí à ń pa adìẹ ọdún lọ́wọ́ àwọn ìyá wa?

Nínú kíláàsì wa, àwọn kan sọ fún mi pé mo ń yọ ara mi lẹ́nu. Wọ́n ní ìdánwò la fẹ́ kọ, ìwé tó bá ti ní àkọsílẹ̀ tí a lè há sórí ti tó. Ìwé tí a há sórí láìmọ ìdí rẹ̀ ni mo ń bá jà gan-an. A ti há a sórí pé a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ omi ẹja déédéé. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi nínú ìwé yẹn ohun tó wà nínú omi àtijọ́ tí a fi ń dà á nù. Àwọn mìíràn ní fídíò wà lórí fóònù. Mo ń wo fídíò náà. Ẹ wò ó kí ẹ rí i pé ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹja ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹja ńláńlá tó ń fò nínú àwọ̀n, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, nọ́ḿbà ẹni tó ń ta ọmọ ẹja sì wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ ogún tí omi ń rùn, wọn kì í gbé kámẹ́rà wá.

Ìwé gidi wà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Àjọ FAO, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1996 tí Gertjan de Graaf àti Hans Janssen kọ lórí bí a ṣe ń pa ẹyin àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti bí a ṣe ń sìn ín nínú kòtò. Clarias gariepinus, àrọ̀ tiwa gan-an, kì í ṣe ẹja mìíràn. Ìwé náà ní àtẹ tó fi bí ìgbóná omi ṣe ń yí wákàtí padà hàn. Ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń wọ kòtò lóru láti jẹ ọmọ ẹja, ohun tí gbogbo olọ́sìn mọ̀ tí ìwé ojú-ìwé ogójì kò gbọ́ rí. FAO kan náà ní ọ̀wọ́ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó kún fún àwòrán, tó rọrùn fún ọmọ kíláàsì kékeré. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó bébà àti owó ìtẹ̀wé nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò san. À ń sanwó fún èyí tí kò dára, a sì fi èyí tó dára sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó ń kiri rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Àléébù tí mo rí lára wọn kò kéré, n kò ní bò ó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn le. Ìyá mi kò lè kà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja gan-an. Nínú ìwé pẹlẹbẹ, ó kéré tán, èdè rọrùn, mo sì gbà pé ìdí kan nìyẹn tó fi ń tà. Ẹ̀bi àwọn tó mọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja inú omi dídùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa, òmíràn tó ń rí sí ti òkun wà ní Èkó, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta. Ní Eriwe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn olọ́sìn ẹja tó kóra wọn jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣiṣẹ́ lórí kòtò tó lọ salalu. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ ti rí gbogbo irú ikú tí àrọ̀ lè kú. Ṣé kò sí olùkọ́ yunifásítì kan tó lè lọ jókòó tì wọ́n fún oṣù mẹ́ta, kí ó fi Yorùbá kọ ohun tí wọ́n bá sọ, kí ó fi amóníà àti pH ṣe àlàyé rẹ̀, kí ó sì lo ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń lò, ṣúútà àti gbogbo rẹ̀? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni màá fi owó oúnjẹ ọ̀sán mi rà.

Kí ìyẹn tó dé, ohun kan wà tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọ̀sìn ẹja. Kí ẹ tó buwọ́ lu àkójọ ìwé tí ẹ ó rà ní sáà tó ń bọ̀, ẹ gba ẹ̀dà kan péré lọ́wọ́ òǹtàwé, kí ẹ gbé e fún kíláàsì ọ̀sìn ẹja ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìbéèrè kan ni a ó bi ìwé náà: ẹja mi jẹun lálẹ́, mo bá òkú wọn láàárọ̀, kí ló pa wọ́n? Bí ó bá ní ojú-ìwé tí a lè ṣí láti dáhùn, ẹ rà á. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ kí òǹtàwé máa gbé e lọ ní Mọ́ńdè. Àwa ni a ó wá ojú-ìwé náà, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.